Omi Tó Mọ́ Jù Nínú Àpótí Ẹja Bàbá Mi

Ohùn kan wà tí mi ò lè gbọ́ títí di òní kí ojú má tì mí. Ohùn omi tó ń hó gúlúgúlú nínú àpótí gíláàsì ni. Bí mo bá wọ òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n gbé àpótí ẹja sí ẹnu ọ̀nà, ibi tó jìnnà sí i jù lọ ni mo máa ń lọ jókòó. Àwọn ọmọ mi rò pé ẹja ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹja kọ́. Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ohùn yẹn ló máa ń jí mi láti pálọ̀ ilé wa ní ẹ̀yìn Paparanda, ní Lókója, kí àwọn mẹ́rúwà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ omi wọn kọjá, kí ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àgbàlá. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Láti Kábà ni bàbá mi ti mú wọn wá bá wa gbé nígbà tí ọkọ wọn kú tí ilé ibẹ̀ dákẹ́ jù. Owé, ẹ̀ka èdè àwọn ará Kábà, ni wọ́n ń sọ nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí. Bí wọ́n bá ti rí mi tí mo ń nu ojú, wọ́n á kí mi pé, "Okun o, Fúnkẹ́. Omi ilé ńkọ́?" Èmi náà á dáhùn pé, "Okun o, Ìyá Àgbà," n ó sì gba ìdí dúrọ́ọ̀mù lọ.

Omi ni iṣẹ́ mi nínú ilé náà. Ẹ̀rọ omi kì í sábà yọ ní àdúgbò wa nígbà yẹn, nítorí náà omi Ọya ni a máa ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, a ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Omi odò kì í wọlé ní mímọ́. Nígbà òjò, ó máa ń pọ́n bí ẹni po amọ̀ mọ́ ọn. Ìyá Àgbà ní agolo mílíìkì kan tí wọ́n ń kó álọ́ọ̀mù sí, òkúta funfun tó dà bí iyọ̀ dídì, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó. N ó mú ẹyọ kan dání, n ó ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù, n ó máa fi òkúta náà po omi yíká, díẹ̀díẹ̀, títí apá á fi máa dùn mí. N ó wá bò ó. Kí a tó jẹun ọ̀sán, gbogbo ẹrẹ̀ á ti wà ní ìsàlẹ̀, omi òkè á mọ́ gaara. "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe," ni Ìyá Àgbà máa ń sọ bí wọ́n bá bu omi náà mu. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lọ.

Bàbá mi kì í mutí, wọn kì í lọ wo bọ́ọ̀lù, bí oṣù bá sì parí, ilé ni wọ́n ń gbé owó oṣù wọn wá tààrà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìgbésí ayé rẹ̀ tò bí fáìlì ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà wá nígbà tí wọ́n ti ìpàdé kan ní Àbújá dé, tí wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìpàdé náà, àfi ẹja tí wọ́n rí nínú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wọ̀ sí. Wọ́n sọ ọ́ níbi oúnjẹ alẹ́, wọ́n tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ní kí onígíláàsì kan ní Old Market gé gíláàsì mẹ́rin àti ìdí, kí káfíńtà sì kan tábìlì tó lè gbé e. Wọ́n gba nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ń ta irú ẹja náà ní Àbújá. A kò fojú kan ọkùnrin yìí rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohùn rẹ̀, nítorí bàbá mi máa ń jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ sókè. Ọ̀gá Ẹlẹ́ja ni a ń pè é. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún wọn ni pé, "Ọ̀gá, ẹja kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ sìn o. Omi lẹ ó kọ́kọ́ sìn. Ẹ jẹ́ kí omi yẹn gbó fún oṣù kan gbáko kí ẹ tó pè mí." Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe da omi òjò sínú àpótí náà, tí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, tí omi sì ń hó gúlúgúlú tọ̀sán-tòru fún oṣù kan láìsí ẹja kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wò ó. Ìyá Sáfù, ará Ìlọrin tó ń ta ẹja yíyan ní ojúlé kejì, kò jẹ́ kí a gbádùn. "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ kú àmójútó o! Ṣé omi yín ti bímọ àbí kò tí ì bí? Ẹja kún inú Ọya tó ń wá ẹni tó máa jẹ ẹ́, ẹ wá lọ ń ra ẹja ní Àbújá!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á wọlé lọ wo omi wọn.

Nígbà tí ẹja dé, nínú ọ̀rá tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì kó sínú kúlà, mẹ́fà ni. Wọ́n rí pẹlẹbẹ, wọ́n sì rí róbótó, ara wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, ìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run sì fa kiri ara wọn bí ojú ọ̀nà inú máàpù. Dísíkọ́ọ̀sì ni Ọ̀gá Ẹlẹ́ja pè wọ́n. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ wọn títí, wọ́n ní, "Àwo ni èyí, kì í ṣe ẹja." Láti ọjọ́ náà ni ẹja àwo ti di orúkọ wọn nílé wa. Àṣé ẹja ọlọ́lá ni. Omi wọn gbọ́dọ̀ gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́. Ní Lókója, níbi tí ooru ti ń lé wa jáde lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá mi ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná fún ẹja! Ọkàn màlúù ni wọ́n ń jẹ. Màmá mi á bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á gbé e sínú fírísà, bàbá mi á sì máa gé e ní wẹ́wẹ́ fún wọn láràárọ̀. "Ayé ti yí," ni Ìyá Àgbà wí níjọ́ kan tí ẹran kò sí nínú ọbẹ̀. "Ẹja ń jẹ ẹran, ọmọ ènìyàn ń fi omi ọbẹ̀ jẹ iyán." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú bàbá mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹja dé, Ìyá Àgbà gé òkèlè ẹ̀bà bíńtín, wọ́n jù ú sí wọn. Bàbá mi yọ ọ́ kúrò kíákíá, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun sínú omi yìí mọ́." Ìyá Àgbà dáhùn pé, "Mo gbọ́, Sámú. Mo rò pé ebi ń pa wọ́n ni." Wọn kò sì fi nǹkan kan sí i mọ́ títí dópin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀bà yìí.

Èmi ni bàbá mi fa ọ̀rọ̀ omi ẹja lé lọ́wọ́. Wọ́n ra dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù kan, wọ́n gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n sì pè mí. "Fúnkẹ́, ìwọ lo mọ omi jù nínú ilé yìí. Omi òjò nìkan ni ẹja yìí ń fẹ́. Má fi omi Ọya sí i. Álọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kàn án láé, ó máa pa wọ́n. Sọ ọ́ kí n gbọ́." Mo sọ ọ́, wọ́n gbọ́. Inú mi dùn débi pé mo lọ ń fi ṣe fáàrí níwájú Sáfù, ọmọ Ìyá Sáfù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa omi òjò: ọṣẹ máa ń hó nínú rẹ̀ gan-an. Nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, omi dúrọ́ọ̀mù búlúù yẹn ni mo fi ń fọ ìbọ̀sẹ̀ mi àti irun mi. Garawa kan lónìí, ààbọ̀ garawa lọ́la. Mi ò wo ìdí dúrọ́ọ̀mù.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹja méjì nínú wọn fẹ́ ara wọn. Ọ̀gá Ẹlẹ́ja ní wọ́n máa nílò ohun amọ̀ tí wọ́n á yé ẹyin sí lára, Ìyá Àgbà sì mú ìkòkò kékeré kan tí wọ́n gbé wá láti Kábà, wọ́n gbé e fún bàbá mi. Ara ìkòkò yẹn ni wọ́n yé sí. Nígbà tí ẹyin náà pa, tí àwọn ọmọ jáde, tín-ín-tìn-ìn-tín bí ẹ̀fọn, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìyá wọn lára, wọ́n ń jẹ ohun kan tó ń yọ̀ lára rẹ̀. Bó bá rẹ ìyá, ó á gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn á sì ṣí lọ sára bàbá wọn. Ìyá Àgbà fa àpótí ìjókòó wọn dé iwájú gíláàsì. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ọwọ́ lórí eékún. "Wò ó, Fúnkẹ́," ni wọ́n wí. "Kò ní ọmú. Ó wá ń fi ara rẹ̀ bọ́ ọmọ." Mi ò rí i kí wọ́n wo nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé Lókója.

Bàbá mi kò lè pa á mọ́ra. Wọ́n sọ ọ́ ní ibi iṣẹ́, ọ̀gá wọn àgbà sì ní òun àti ìyàwó òun máa wá wo ẹja tó ń tọ́ ọmọ ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gá yẹn kò wá sí ilé ẹnikẹ́ni rí. Ní alẹ́ Fúráìdé, bàbá mi ní kí n gé ọkàn màlúù díẹ̀ fún ẹja. Fíìmù kan ń lọ lọ́wọ́ nílé Sáfù. Mi ò gé nǹkan kan; odindi ìdì tó wà nínú ọ̀rá ni mo jù sínú omi, mo sì sáré jáde. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Sátidé, ẹran náà ti túká, omi àpótí náà sì ti funfun bí omi ògì. Bàbá àti màmá mi ti jọ jáde lọ sí Old Market láti ra nǹkan àlejò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn tó kù nínú wa sì ti lọ síbi ẹ̀kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sáré lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù búlúù pẹ̀lú garawa. Kò ju kọ́ọ̀pù méjì lọ tó kù níbẹ̀, ẹ̀fọn sì ti kú sínú rẹ̀. Ìyá Àgbà wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ìrẹsì àlejò. Bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á mọ ohun tí a máa ṣe. Mi ò sọ fún wọn. Mo wọ yàrá wọn, mo ṣí agolo mílíìkì náà, mo mú álọ́ọ̀mù tó tóbi jù.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ bàbá mi. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo kàn rò pé díẹ̀ kò lè pa nǹkan, àti pé ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yẹn. Mo gun àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà, mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi, mo pò ó yíká bí mo ṣe ń ṣe é nínú dúrọ́ọ̀mù, àwọn ẹja sì sá lọ sí igun kan. Kò pẹ́, ohun funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ó ń bọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo nu gíláàsì. Mi ò rí omi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí bàbá mi wọlé, tí wọ́n gbé páálí ohun mímu sílẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n wo omi náà, ojú wọn tàn. "Fúnkẹ́! Ìwọ lo tún un ṣe báyìí? O ṣeun, ọmọ dáadáa." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo ṣì mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe wúwo tó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo ẹja. Gbogbo wọn ti dúdú. Wọ́n ti gòkè omi, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń padé. Àwọn ọmọ kéékèèké ti já bọ́ lára ìyá wọn bí eruku. Ọ̀kan nínú àwọn ńlá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí àwo tí ẹnì kan gbàgbé sínú omi. Bàbá mi ti ìka bọ omi, wọ́n tọ́ ọ wò. "Álọ́ọ̀mù," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. Wọ́n sáré lọ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù búlúù, wọ́n sì padà wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ta ló fi álọ́ọ̀mù sí omi yìí?" Ìyá Àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mo máa ń rí Ìyá Àgbà níbẹ̀ láàárọ̀." Òótọ́ ni. Àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀. Mo mọ ohun tí bàbá mi máa gbọ́ nínú rẹ̀, mo sì sọ ọ́. Kì í ṣe pàṣán ni mo ń sá fún, bàbá mi kì í na ọmọ. Ọwọ́ tí wọ́n gbé lé mi lórí ni mi ò fẹ́ kí wọ́n mú kúrò.

Ìyá Àgbà wo ojú mi. Wọ́n wá wo apá aṣọ mi ọ̀tún, tó rin gbingbin títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá mi kò rí ibi tí wọ́n ń wò. "Màmá!" ni wọ́n wí, ohùn wọn sì ga débi tí Ìyá Sáfù fi yọjú. "Mo bẹ̀ yín nígbà ọ̀rọ̀ ẹ̀bà. Mo bẹ̀ yín! Ṣé ẹ wá sínú ilé mi láti wá ba nǹkan mi jẹ́ ni?" Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sí Ìyá Àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Wọn kò ní àwọn kọ́, wọn kò sì ní àwọn ni. "Sámú, má bínú," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ìrẹsì lọ sílé ìdáná. Nígbà tí ọ̀gá àgbà dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, aṣọ tábìlì ni wọ́n bá lórí àpótí ẹja. Wọ́n mu ohun mímu díẹ̀, wọ́n kí bàbá mi bí ẹni ń kí ẹni tó ṣòfò, wọ́n sì lọ.

Ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú. Bàbá mi pa ẹ̀rọ omi, wọ́n gbé àpótí náà sí ìyẹ̀wù. Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sí ìta, lábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹun. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń jí láàárọ̀ pé màá sọ ọ́ lónìí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ padà sí Kábà, pé iṣu àwọn ń jẹrà nínú abà. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ru ẹrù wọn lọ sí gáréèjì. Nígbà tí wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n tú ìdì aṣọ wọn, wọ́n mú agolo mílíìkì yẹn jáde, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni wàá máa tọ́jú omi ilé báyìí," ni wọ́n wí. "Omi tí ènìyàn ń mu ni kí o máa fi í sí." Wọ́n ń wò mí. Mo mọ̀ pé wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó dàbọ̀, Ìyá Àgbà." Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ.

A máa ń lọ kí wọn ní Kábà nígbà ọdún. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kó ẹ̀bùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá dé, wọ́n á ní inú ń run àwọn. Búrẹ́dì àti sádíìnì wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n máa ń lọ jẹ. Ìyá Àgbà mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n á gún iyán náà, wọ́n á bu ọbẹ̀ tó ní ẹran jù sí àwo tó dára jù, wọ́n á gbé e síwájú ọmọ wọn, wọ́n á sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Lálẹ́, èmi ni wọ́n máa ń pè láti wá jẹ ẹ́. Mo sì ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, mo jẹ ẹ́ lọ́dún kejì, mo tilẹ̀ lá ọwọ́ mi. Lẹ́yìn tí mo ti ní ọmọ tèmi ni mo wá mọ ohun tó wà nínú àwo yẹn. Ọdún kẹta kò tíì dé ààbọ̀ tí Ìyá Àgbà fi sùn tí wọn ò jí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò sá lọ síbì kan. Ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú wa. Bàbá mi fẹ̀yìn tì, ìbínú wọn rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹja wá di àwàdà lẹ́nu wọn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì dá a, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, Tẹniọlá, ní òun fẹ́ sin ẹja. Bàbá mi, tí wọn kì í dìde láìdi igi mú mọ́, ni wọ́n ní kí a gbé àpótí àtijọ́ náà jáde láti ìyẹ̀wù. Wọ́n fọ̀ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n da omi sí i, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti wò ó bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n sì ń kọ́ Tẹniọlá. "Omi lèèyàn ń kọ́kọ́ sìn. Má fi álọ́ọ̀mù sí i láé. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, àwọn ni wọ́n fi álọ́ọ̀mù pa ẹja mẹ́fà mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tẹniọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Àgbà, kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn ò fẹ́ràn yín ni?"

Ẹnu mi là kí n tó mọ̀. "Bàbá, èmi ni. Ìyá Àgbà kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo fi álọ́ọ̀mù sí omi yẹn."

Wọn kò yíjú wò mí. Ọwọ́ wọn ṣì wà nínú omi. "Ṣé wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Wọ́n mọ̀, Bàbá. Láti ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti mọ̀."

Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò, omi sì ń kán sílẹ̀ láti orí ìka wọn. Tẹniọlá na aṣọ ìnuwọ́ sí wọn, wọn kò gbà á.

"Fúnkẹ́," ni bàbá mi wí, "ọdún méjì ni mi ò fi jẹ oúnjẹ ìyá mi."